Wallace-Johnson: Olóòtú Ìwé Ìròyìn Àwọn Òṣìṣẹ́, àti Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀

Yorùbá a máa wí pé ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹyin bá fọ́, gbogbo ojú ni ó rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò sọ ohun tí ó fọ́? Ṣé ẹni tí ó sọ ọ́ ni, nítorí pé òun ni ó mọ ohun tí ó wà ní inú rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó gbọ́ ọ ni? Tàbí adájọ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ ọ́? Ìbéèrè yìí dé ilé-ẹjọ́ ní Accra ní ọdún 1936. Ó rìn títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ìdájọ́ tí a sì dá níbẹ̀ di ohun tí a fi ń mú àwọn òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ Nàìjíríà fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Ẹni tí ẹjọ́ náà wà ní ọrùn rẹ̀ ni Isaac Theophilus Akunna Wallace-Johnson, ọmọ Sàró, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti olóòtú ìwé ìròyìn, tí ó ti gbé Èkó kí ó tó dé Accra.

Ẹni tí ó jókòó sí Èrúwà lè bèèrè pé kí ni ó kan ilẹ̀ Ìbàràpá nínú ọ̀ràn ọmọ Sàró. Ọ̀nà tí ó lọ sí Sàró kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé Ìbàràpá rárá. Ní òkè ibẹ̀, ní àdúgbò Ìsẹ́yìn, ni Òṣóògùn wà, níbi tí ogun ti kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, ó sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó gba ọ̀nà kan náà tí ẹnikẹ́ni kò pìtàn wọn. Àwọn ará Freetown ń pe àwọn Yorùbá tí ó wà ní àárín wọn ní Akú, nítorí bí wọ́n ti máa ń kí ara wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́: ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún. Láti inú Akú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a tú sílẹ̀ ní oko ẹrú ni àwọn tí à ń pè ní Krio ti jáde wá. Nígbà tí ó yá, púpọ̀ nínú àwọn Akú padà wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta, Yorùbá sì sọ wọ́n ní Sàró. Àwọn àti àwọn ọmọ wọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó. Nítorí náà, nígbà tí Wallace-Johnson gúnlẹ̀ sí Èkó, kì í ṣe ìlú àjèjì ni ó dé.

A bí i ní ọdún 1894 ní Wilberforce, abúlé kan tí ó wà ní orí òkè lẹ́bàá Freetown. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n owó kò tó, ó sì ní láti fi ìwé sílẹ̀ kí ó lè wá iṣẹ́ tí yóò fi ran ilé lọ́wọ́. Ní 1913 ó rí iṣẹ́ ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yanṣẹ́ lódì nítorí owó iṣẹ́. Wọ́n lé e kúrò, wọ́n sì tún gbà á padà lẹ́yìn ọdún kan. Ìgbà ogun àgbáyé kìíní, akọ̀wé ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláàárù tí ń ru ẹrù àwọn ọmọ-ogun. Lẹ́yìn ogun ó ṣe iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú Freetown. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1926, ó wọ ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí atukọ̀.

Ìgbésí ayé atukọ̀ yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ó yí i padà. Akọ̀wé tí ó jókòó sí Freetown mọ ìyà Freetown nìkan. Atukọ̀ a máa rí i pé iye tí a ń san fún òṣìṣẹ́ dúdú kéré sí iye tí a ń san fún òṣìṣẹ́ funfun tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, èbúté yòówù kí ó dé, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un mọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá burúkú kan ṣoṣo ni. Ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Karíbíánì péjọ sí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, Wallace-Johnson wà níbẹ̀. Àwọn Kọ́múníìsì ni ó pe ìpàdé náà. Lẹ́yìn èyí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Moscow. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí títí ó fi kú. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ohun tí ó mú bọ̀ láti Moscow, ọ̀nà àti pe àwọn ènìyàn jọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èdè rẹ̀ jẹ́ èdè Bíbélì àti ti ọjà Freetown.

Èkó ni ó ti kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ so pọ̀. Àkókò náà kò dára. Láti 1929 ni ọjà àgbáyé ti wó. Owó kòkó àti ekuro lọ sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ìjọba pẹ̀lú ń dín owó oṣù kù. Kò tíì sí òfin kankan tí ó mọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Èyí kò dé títí di 1938. Ní 1931 Wallace-Johnson wà nínú àwọn tí ó dá African Workers' Union of Nigeria sílẹ̀, òun sì ni akọ̀wé àgbà rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ kan, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbálẹ̀ tàbí ẹni tí ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì. Ó tún ṣe olóòtú ní ìwé ìròyìn Nigerian Daily Telegraph.

Ní oṣù keje ọdún 1931 yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ péjọ sí Èkó tí wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbó, ó sì tọ́. Ó wà títí di òní, kò sì sí ìlú kan ní Ìbàràpá tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Wallace-Johnson kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi túká. Ohun tí ó fa èyí kò ṣòroó rí. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn olùkọ́ ń ṣe, wọ́n mọ ara wọn, ilé-ẹ̀kọ́ wọn kì í sì í ṣí lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí a gbà ní òwúrọ̀ tí a sì lé ní ìrọ̀lẹ́, nínú kí ni yóò ti mú owó ẹgbẹ́ wá? Wallace-Johnson fẹ́ kọ́ òrùlé ṣáájú ìgànná. Àìsàn yìí ni ó bá a jà títí ayé rẹ̀: a máa pe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ ní ọ̀sẹ̀ kan, bí òun kò bá sì sí nílé, ẹgbẹ́ a dà bí agbo tí onílù ti lọ. Ní 1933 àwọn ọlọ́pàá tú ilé rẹ̀ ní Èkó wò. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì kọjá sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá gbóná. Ní 1934 ìjọba Gold Coast ṣe òfin tuntun nípa ìdìtẹ̀, tí ó fi kún agbára wọn lórí ìwé tí ènìyàn lè kọ, tí ó lè tẹ̀, tàbí tí ó lè kó wọ ìlú. Àwọn ọba, àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣòwò jọ pariwo sí i, ṣùgbọ́n òfin náà kọjá. Ní ọdún yìí kan náà jàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Prestea, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú sí abẹ́ ilẹ̀. Wallace-Johnson lọ sí àdúgbò náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́, ó fi ojú ara rẹ̀ wo bí àwọn awakùsà ti ń gbé àti bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, títí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó ti máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: a lọ wò, a kọ ọ́, a sì wá ibi tí yóò ti dun ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní 1935 ó dá West African Youth League sílẹ̀ ní Accra.

Ìwé ìròyìn African Morning Post wà ní Accra nígbà náà; Nnamdi Azikiwe, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, ni olóòtú rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ìwé ìròyìn náà tẹ àròkọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ bèèrè bóyá ènìyàn dúdú ní Ọlọ́run. Wallace-Johnson ni ó kọ ọ́. Kí a tó lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ni àwọn ọmọ-ogun Ítálì wọ Addis Ababa. Fún oṣù méje ni wọ́n ti ń da bọ́ǹbù àti afẹ́fẹ́ olóró lé àwọn ará Etiópíà lórí, Etiópíà tí ó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú Bíbélì, tí àwọn ọmọ ìjọ ní Èkó, ní Accra àti ní Freetown sì ń kà ní ọjọ́ ìsinmi. Kristẹni ni àwọn tí ó da bọ́ǹbù. Kristẹni ni àwọn tí wọ́n dà á lé lórí.

Bí a ti kọ àròkọ náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ fi ojú sí. Kò kọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣe àlàyé. Ó mú ìlànà ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí a ń kà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ohùn Òfin Mẹ́wàá, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀dà. Ó sọ irú ọlọ́run tí ó rò pé òyìnbó ń sìn, ó sọ ọ́ ní ẹ̀tàn, ó sì wá ń to òfin ọlọ́run náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: pé kí alágbára máa sọ aláìlágbára di ahẹrẹpẹ, kí a máa fi ìbọn la ojú ènìyàn dúdú, kí a máa fi bọ́ǹbù àti afẹ́fẹ́ olóró sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí àwọn ìjọba ilẹ̀ àmúsìn, ó ní kí wọ́n máa ṣe òfin ìdìtẹ̀ tí yóò di ènìyàn dúdú lẹ́nu. Gbólóhùn kan ń tẹ̀lé èkejì pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ìdáhùn ìjọ sí àlùfáà. Nínú ìwé ìròyìn ni ó wà, ṣùgbọ́n bí ewì ni ó ń rìn.

Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí dáadáa. Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ìbàràpá, láti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò títí dé Kétu, alẹ́ ẹ̀fẹ̀ wà ní ìgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí ẹlẹ́fẹ̀ yóò gbé agọ̀ rù, tí yóò sì fi orin bú ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú àti olówó tí ó gba ìyàwó tálákà. Ẹni tí a bú a máa jókòó sí àwùjọ. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèebàdàn kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Òfin ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn èyí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: ọba kì í pa ọ̀kọrin. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́fẹ̀ kò dunni. Kí ó lè dunni ni ó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé ẹni tí ń kọrin bú olè kò pe ìlú sí ogun. Ìlànà ni ó fi hàn wọ́n: alẹ́ ni, agọ̀ ni, orin ni.

Ní ilé-ẹjọ́ Accra, ìlànà kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Wallace-Johnson, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì bu owó ìtanràn £50 lé e, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n mú Azikiwe pẹ̀lú nítorí pé ó jẹ́ olóòtú, wọ́n dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tú u sílẹ̀ ní 1937 nítorí pé ìjọba kò fi ẹ̀rí tí ó tó hàn pé òun ni olóòtú ní ọjọ́ náà gan-an. Azikiwe padà sí Nàìjíríà, ó sì dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Wallace-Johnson kò rí àyè bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí iwájú Privy Council, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Ohun tí àwọn lọ́yà rẹ̀ sọ níbẹ̀ rọrùn. Wọ́n ní nínú òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè pe ọ̀rọ̀ kan ní ìdìtẹ̀ àyàfi bí ó bá rọ ènìyàn láti fi ipá dojú kọ ìjọba tàbí láti da ìlú rú. Àròkọ yìí kò pe ẹnikẹ́ni sí ìjà. Kò sí òkúta tí a sọ ní Accra nítorí rẹ̀. Privy Council dájọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1939. Wọ́n ní ìwé òfin Gold Coast ni a ó wò, kì í ṣe òfin àtọwọ́dọ́wọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé òfin náà sì ti sọ pé ẹni tí ó bá ní èrò láti mú kí àwọn ènìyàn kórìíra ìjọba tàbí kí wọ́n kẹ́gàn rẹ̀ ti dìtẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ipá. Èrò inú akọ̀wé ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí èrò. Bí ó bá fi ìdìtẹ̀ hàn, kò sí ìdí láti wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ohun tí ó wà nínú èyí pọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá dúró ní ìta gbangba tí ó sì sọ ohun tí Wallace-Johnson sọ lè padà sí ilé rẹ̀ lọ jẹun. Ní Accra tàbí ní Èkó, ọ̀rọ̀ kan náà di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kò ní ibi ààbò mọ́, nítorí pé bí a bá ka ẹ̀fẹ̀ láìwo agọ̀ àti ìlù rẹ̀, èébú lásán ni ó kù. Ìwé òfin náà fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ka sí àṣìṣe ìjọba pẹ̀lú ọkàn rere. Akọ̀wé tí ó bá mọ bí a ti ń tọrọ gáfárà kí ó tó sọ̀rọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í tọrọ gáfárà.

Wallace-Johnson kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù láti gbọ́ ìdájọ́ yìí. Ó ti wà ní àtìmọ́lé ní Freetown. Ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1937, níbi tí òun àti George Padmore, C. L. R. James, Jomo Kenyatta àti Ras Makonnen ti jọ wà nínú International African Service Bureau, tí ó sì ń ṣe olóòtú àwọn ìwé ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1938 ó padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí, gba ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà ìwé ìròyìn African Sentinel lọ́wọ́ rẹ̀ ní èbúté. Bí wọ́n bá fi àyè gbà á bóyá ìbá sinmi ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe yìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ẹ̀ka Youth League tí ó dá sílẹ̀ ní Freetown kún ju èyíkéyìí tí ó ti ní rí lọ. Krio àti àwọn ará òkè ilẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń wá, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní Freetown nígbà náà, níbi tí àwọn Krio ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ bá àwọn yòókù jókòó. Nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní 1938, àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ náà ni ó borí. Ọ̀kan nínú wọn ni Constance Cummings-John, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́. Láàrin ọdún kan ó ti ran ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ láti dìde, láti orí àwọn awakùsà dé orí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté.

Ohun tí ó dun gómìnà jù ni ìwé àṣírí kan. Ìjọba ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nípa owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Wallace-Johnson. Ó kà á ní gbangba níwájú àwọn tí a kọ ọ́ nípa wọn. Ìjọba wá ẹni tí ó mú un jáde títí. Nígbà tí ọdún 1939 wọlé, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, African Standard, tí ó fi ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọba dáhùn pẹ̀lú òfin. Ní ọdún kan náà wọ́n ṣe òfin tí ó gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè àti òfin owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa, wọ́n sì tún ṣe òfin ìdìtẹ̀, òfin ìwé tí a kò fẹ́, àti òfin tí ó lè lé ènìyàn kúrò ní ìlú. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún ni, ọwọ́ òsì ń gbà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ tí Jámánì wọ Poland, àwọn ọlọ́pàá mú un. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kì í ṣe ti ogun. African Standard ti kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ó kú, ó sì ní nínà tí wọ́n nà án ní àṣẹ òyìnbó aláṣẹ àdúgbò ni ó pa á. Ilé-ẹjọ́ tí kò ní ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ará ìlú dá a lẹ́bi fún ìbanilórúkọjẹ́, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n tán, wọn kò jẹ́ kí ó lọ ilé. Wọ́n fi òfin ìgbà ogun gbé e lọ sí erékùṣù Sherbro, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 1944. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó ti fọ́. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́jọ náà kò kú tán; àwọn tí ọwọ́ wọn rọ̀ jù ú lọ ni ó gbà wọ́n, ìjọba sì fẹ́ràn láti bá wọn jókòó.

Ọdún tí ó tẹ̀lé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ ni a lè sọ ní ṣókí. Ní 1945 ó wà ní ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Paris, ó sì wà ní Manchester ní oṣù kẹwàá, níbi tí Nkrumah, Padmore àti Kenyatta ti pàdé láti bèèrè òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Freetown ní 1951, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó tún dá òmíràn. Ó wà nínú àwọn tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1960 láti jíròrò òmìnira Sierra Leone. Kò di olórí ìjọba, kò sì jọ pé ó lè di í. Ẹni tí ó lè dá agbo sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè bójú tó o.

Ìdájọ́ tí ó so mọ́ orúkọ rẹ̀ kò kú bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà lórí ìdìtẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Gold Coast, nítorí náà ohun tí Privy Council sọ nípa Accra de Èkó àti Ìbàdàn pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá jókòó ní Èrúwà ní 1945, tí ó sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa owó orí tàbí nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yanṣẹ́ lódì ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní láti ronú nípa bí adájọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò ti ka lẹ́tà rẹ̀. Nínú ìyanṣẹ́lódì náà ìjọba fi òfin de West African Pilot àti Daily Comet. Nígbà tí Hubert Ogunde fi ìyanṣẹ́lódì kan náà ṣe eré, tí ó gbé e dé Jos, wọ́n mú un, ó sì san owó ìtanràn.

Ẹni tí ó bá rò pé òmìnira ni yóò gbá èyí lọ kò rò ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òmìnira dé ní 1960. Ní 1961 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà yẹ ẹjọ́ ìdìtẹ̀ wò, èyí tí wọ́n pe Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò àti olóṣèlú, nítorí ìwé pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì sọ pé òfin náà kò tako ìwé òfin ilẹ̀. Ìjọba tí a fi ọwọ́ ara ẹni yàn rí i pé agbárí àtijọ́ ṣì bá orí òun mu. Ó di 1983 kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Enugu, nínú ẹjọ́ Arthur Nwankwo tí wọ́n rán ní ẹ̀wọ̀n nítorí ìwé tí ó kọ nípa gómìnà Anambra, sọ pé òfin ìdìtẹ̀ tí àwọn aláṣẹ òyìnbó ṣe kò lè dúró lábẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ ti 1979. Wọ́n ní àwọn tí ó wà ní ipò gbọ́dọ̀ lè gba ọ̀rọ̀.

Wallace-Johnson kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1965, nínú jàǹbá mọ́tò, ní Gánà.